Lẹ́yìn Iná, Lẹ́yìn Omíyalé: Ta Ni Yóò Díwọ̀n Òfò Wa?

Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Arákàlé lónìí, gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ. Àwọn panápaná á dé, omi inú ọkọ̀ wọn lè tó, ó sì lè má tó. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sáré, àwọn míì á máa ya fídíò. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti kárí WhatsApp. Àwọn aláṣẹ á wá, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní àwọn máa gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ọlọ́jà á jókòó síwájú eérú, á máa fi ìka ka ohun tó bá iná lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ìtàn.

Ẹnì kan wà tí kì í sábà wá. Òun ni ẹni tó yẹ kó mú tẹ́ẹ̀pù àti bírò dání, kó wọ inú eérú yẹn, kó ka ohun tó jó, kó wádìí ohun tó fà á, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfò obìnrin yìí jẹ́ iye báyìí, iye báyìí ló sì yẹ kí wọ́n san fún un. Loss adjuster ni òyìnbó ń pè é. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, adíwọ̀n-òfò ni màá máa pè é. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ń wá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní gúúsù Amẹ́ríkà lóṣù Kẹjọ ọdún 2005, àwọn tó béèrè owó òfò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì lé ní mílíọ̀nù 1.7, owó tí wọ́n sì san lé e lórí tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 41 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ wo ló ní òṣìṣẹ́ tó máa ka irú òfò bẹ́ẹ̀ tán? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe àwọn adíwọ̀n-òfò tó dá dúró, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Bí ìjì bá ti rọlẹ̀, wọ́n á kó àkàbà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á gbọ̀nà ìlú tí ìjì ti jà. Wọ́n á gun òrùlé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọn ògiri, wọ́n á sì kọ ìròyìn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston rí wọn dáadáa lẹ́yìn ìjì Harvey lọ́dún 2017.

Owó wà nídìí ẹ̀, àmọ́ ó ní bó ṣe rí. Wọn kì í san owó oṣù fún irú adíwọ̀n-òfò yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí òfò ilé kọ̀ọ̀kan bá ṣe tó ló ń sọ iye tí wọ́n máa fún un lórí ilé yẹn. Òun ló ń ra epo sọ́kọ̀ ara rẹ̀, òun ló ń san owó òtẹ́ẹ̀lì. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì lójú òkun Atlantic. Ọdún tí ìjì bá pọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ lè rí owó ọdún kan láàárín oṣù mélòó kan. Ọdún tí ìjì ò bá wá, ilé ló máa jókòó sí. Ó dà bí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó gbójú lé òjò. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe mọ́ ọn, ebi lè pa á.

Ṣé irú ẹ̀ wà ní Nàìjíríà? Ó wà o. Òfin Íńṣọ́ránsì ọdún 2003 ti mọ adíwọ̀n-òfò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gba láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ íńṣọ́ránsì. Àwọn tó ń ṣe é ní ẹgbẹ́ tiwọn, Institute of Loss Adjusters of Nigeria, tí wọ́n ń pè ní ILAN. Lọ́dún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe íńṣọ́ránsì iná, ilé àti ọkọ̀ ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 15 náírà. Bílíọ̀nù mẹ́ta péré ni tẹ́lẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, láti oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè íńṣọ́ránsì ọkọ̀ lójú títì. Ohun tí gbogbo èyí ń sọ fún wa ni pé owó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ìwé àdéhùn á pọ̀ sí i. Ibi tí ìwé àdéhùn bá ti pọ̀, òfò tí wọ́n máa díwọ̀n á pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Gbogbo owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń san sí íńṣọ́ránsì lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè yìí ń pèsè. Nígbà omíyalé ọdún 2022, ó lé ní 600 èèyàn tó kú, àwọn tó sá kúrò nílé wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Báńkì Àgbáyé ṣírò ohun tí omi bà jẹ́ tààrà, ó ní ó tó bílíọ̀nù 6.68 dọ́là. Ẹ fi wé ti Katrina. Òfò wà, omijé wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ kò tó nǹkan. Ibi tí kò bá sí ìwé àdéhùn, adíwọ̀n-òfò ò níṣẹ́ níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba ló máa wá, àpò ìrẹsì àti mátírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n á kó wá.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn èèyàn wa ò ra íńṣọ́ránsì, adíwọ̀n-òfò kí ló fẹ́ máa díwọ̀n? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ńṣe ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Nítorí pé àwọn èèyàn wa ò rí ẹni tó wá díwọ̀n òfò aládùúgbò wọn kó sì sanwó ni wọn ò ṣe ra á. Ta ló fẹ́ dá àjọ sọ́wọ́ alájọ tí kò tíì rí i kó kó owó fún ẹnikẹ́ni rí?

Íńṣọ́ránsì kì í kúkú ṣe ohun àjèjì sí wa. Àjọ ni. Gbogbo wa dá a, ẹni tí àjálù bá kàn ló kó o. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ìlú ló máa tún ilé ọba kọ́. Mẹ̀kúnnù tó ń ta aṣọ ní Arákàlé tàbí tó ń ta irin ìkọ́lé nílùú Oǹdó ò ní ìlú tó máa tún ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kọ́. Íńṣọ́ránsì ló lè fún un ní ohun tí ọba ní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ adíwọ̀n-òfò ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó ta ìwé àdéhùn fún Ìyá Aláṣọ, ẹ̀rín ló rín. Ọjọ́ tí adíwọ̀n-òfò bá dé ni Ìyá Aláṣọ máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, ohun kan bú gbàmù ní Ìlú Àbọ̀, lọ́nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ilé wó, ṣọ́ọ̀ṣì wó, ilé-ìwé bà jẹ́, kòtò ńlá là sí àárín títì. Gómìnà ìgbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, sọ pé ọkọ̀ tó ń gbé ohun abúgbàmù ló fà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékúnlé Adépèlúmi láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní rárá o, òkúta tó já bọ́ láti ojú sánmà ni. Àwa ará ìlú ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń fa okùn, eré ni lójú ọ̀pọ̀ wa.

Fún ẹni tí ilé rẹ̀ wó, kì í ṣe eré. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló gbé e wá, ẹni tó ni ẹrù náà wà tí wọ́n lè mú lọ sílé ẹjọ́, íńṣọ́ránsì tirẹ̀ náà á sì wọ inú ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ òkúta láti òkè, ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ìwé àdéhùn tí onílé fúnra rẹ̀ ní nìkan ló kù, wọ́n á sì wò ó bóyá irú ewu bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí adíwọ̀n-òfò ń wá nìyẹn, kí ló fà á gan-an? Kì í gba ti gómìnà gbọ́ torí pé ó jẹ́ gómìnà, kì í sì í gba ti ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ torí pé ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀rí ló ń bá lọ. Ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, irú ìbúgbàmù mìíràn wáyé ní Bódìjà, Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò bófin mu kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ilé àwọn èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló wó. Ṣé ẹ rí i pé àjálù ò jìnnà sí wa? Ẹni tó máa wádìí rẹ̀ ló jìnnà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ dákun ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Íńṣọ́ránsì iná lásán, iná àti àrá ló sábà máa ń bò. Omíyalé, ìjì àti rògbòdìyàn, ẹ̀yin lẹ máa ní kí wọ́n fi kún un, ẹ ó sì san owó lé e. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí odò Àlà tó lọ ra ti iná nìkan, ọjọ́ tí odò bá kún ni yóò mọ̀ pé ìwé lásán ló wà lọ́wọ́ òun.

Èkejì rèé. Ká ní ọjà yín tó mílíọ̀nù 10 náírà, ẹ wá sọ fún ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì pé mílíọ̀nù márùn-ún ni, kí owó tẹ́ ẹ máa san lè kéré. Iná wá jó ọjà mílíọ̀nù mẹ́rin nínú ẹ̀. Ẹ ń retí mílíọ̀nù mẹ́rin, àbí? Mílíọ̀nù méjì ni wọ́n máa fún yín. Ìdajì ọjà lẹ san owó lé, ìdajì òfò ni wọ́n máa san. Ó wà nínú ìwé àdéhùn, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tó kà á fún yín. Ẹni tí wọ́n bá ṣe báyìí fún á jáde síta, á ní "olè ni wọ́n." Ogún èèyàn á gbọ́, ogún èèyàn ò sì ní ra íńṣọ́ránsì mọ́ láyé. Adíwọ̀n-òfò tó gbọ́ Yorùbá, tó jókòó ti obìnrin náà tó sì ṣàlàyé ìṣirò yẹn fún un lórí bébà, ó ti gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìbàjẹ́ orúkọ.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa ò ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà sí. Inú orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí adíwọ̀n-òfò bá ti Èkó wá, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ankara olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó wọ́n, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ tó ti di eérú? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé dúróònù àti kọ̀ǹpútà máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, ó ti ń gba díẹ̀ níbẹ̀. Dúróònù lè ka páànù tó ṣí lórí òrùlé. Kò lè lọ bá ìyálọ́jà, kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó ọjà wá pé mélòó lẹ já sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì lè fi ojú mọ ẹni tó ń purọ́. Níbi tí kò ti sí àkọsílẹ̀, èèyàn tó mọ àdúgbò ni àkọsílẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyí. Iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kò ní dìde bí gbogbo rẹ̀ bá ń ti Èkó wá. Ká wá àwọn adíwọ̀n-òfò sí Àkúrẹ́, sí Oǹdó, sí Ọ̀wọ̀, sí Òkìtìpupa. Àwọn tó lè kọ́ ọ kúkú ti wà nílẹ̀. FUTA wà níbí, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ilé kíkọ́, bí wọ́n ṣe ń díyelé ilé àti ilẹ̀, ìmọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti ìmọ̀ ojú ọjọ́. Àwa tá a kẹ́kọ̀ọ́ òfin náà pọ̀ bí eéṣú. Ọmọ tó mọ iye tí búlọ́ọ̀kù kan ń gbà, tó mọ ìdí tí ilé fi wó, tó sì lè kọ ìròyìn tó múná dóko, kí ló kù? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti láísẹ́ǹsì ló kù.

NAICOM àti ILAN ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú lè wọ abẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ti ní láísẹ́ǹsì, kó kọ́ṣẹ́ bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó lè dá dúró lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì ló sábà máa ń gbé iṣẹ́ fún adíwọ̀n-òfò, òun náà ló ń sanwó fún un. Lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣe é láìṣègbè, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ń wò ó pé ẹni tó ń fún ni lówó ni èèyàn ń gbè sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní irú adíwọ̀n-òfò tó jẹ́ pé ẹni tí àjálù bá ló gbà á síṣẹ́, tó ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì. Àwa náà nílò irú ẹ̀ nínú ọjà wa. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè pawọ́ pọ̀ gba ẹnì kan. Ẹni tó ń jẹ́jọ́ nìkan, ó ṣòro kó jàre.

Ó ní ibi tí iṣẹ́ yìí ò lè dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, òkun ti ń jẹ ibẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ilé lọ, títì lọ, itẹ́ òkú pàápàá lọ. Kò sí adíwọ̀n-òfò tó lè yanjú ìyẹn. Íńṣọ́ránsì wà fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀, kò wà fún ohun tó dájú pé ó ń bọ̀. Ìjọba ló ni Ayétòrò lọ́rùn, kí wọ́n má sì torí íńṣọ́ránsì yọwọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbèrò rẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́ ọ mọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ àti iná kéékèèké, torí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àjálù ńlá ì í wá lóṣooṣù. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn tí adájọ́ lè kà láìdàrú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sá fún ẹ̀gúnjẹ. Ọlọ́jà á fẹ́ kí ẹ kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá sípò mẹ́ta, ẹlòmíràn nínú ilé-iṣẹ́ á fẹ́ kí ẹ kọ ẹyọ kan. Orúkọ rere nìkan ni ọjà tí adíwọ̀n-òfò ń tà. Ọjọ́ tó bá tà á, kò ní òmíràn mọ́.

Òjò ń bọ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀ẹ̀rùn náà ń bọ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀. A ò lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n a lè pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ dé lẹ́yìn wọn, bóyá ẹni tó kó ìrẹsì wá ni, tàbí ẹni tó mú ìwé ìṣirò dání. Èmi ti mọ èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó jẹ́. Kí àwọn tó ni láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ jẹ́ kó ṣeé ṣe.